Ṣé Ó Ṣojú Yín?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ohun tí n kò ní yangàn: n kò lọ sí yunifásítì. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹnu iṣẹ́ yìí náà ni mo sì wà tí irun funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí mi lágbọ̀n. Bí ẹ bá wá rí irú èmi yìí tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí fìlọ́sọ́fì, ẹ má bú mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó bá mi.

Ọdún ìkẹyìn ni ọmọ náà wà ní yunifásítì, fìlọ́sọ́fì ló sì ń kọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbà á wọlé, ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní lọ́yà lòun ń fi ojú sọ́nà fún, kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀kọ́ àròjinlẹ̀ ni wọ́n fún ọmọ òun, ṣé àwọn tó ń ronú nínú ilé kò tíì tó ni? A rẹ́rìn-ín, a gbà fún Ọlọ́run, ọmọ ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó dé sọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, pẹ̀lú bébà mẹ́ta lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ àròkọ nípa ohun tí fìlọ́sọ́fì kọ́ ọ láti ọdún mẹ́rin yìí. Mo ti kọ tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi sílẹ̀." Mo wọ awò ojú mi. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà.

Kí n má purọ́, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà dán. Plato wà níbẹ̀, Aristotle wà níbẹ̀, Descartes, Kant, Hegel, gbogbo wọn ló pé. Mo ka orúkọ àwọn òyìnbó tó wà nínú rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́tàlá. Ó ní fìlọ́sọ́fì ti la òun lójú. Ó ní ó ti kọ́ òun láti máa ronú jinlẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹni àná mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo wá tì nínú bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó lè sọ pé ó la òun lójú. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ télọ̀ náà lè sọ ọ́. Kí ló ń rò tẹ́lẹ̀ tí kò rò mọ́? Ọjọ́ wo ló yí ọkàn padà? Ta ló bá jiyàn, ta ló sì borí? Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ròyìn ohun tó jẹ níbi ìnáwó, tó wá ń ka iye ìkòkò tó wà lórí iná fún wa.

Mo wá fi ìka lé ibì kan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Socrates kò bẹ̀rù ikú rárá, pé bí ó ṣe mu májèlé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn fi hàn bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Ó wà nínú ìwé, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ìwé ta ni?"

"Ìwé Plato."

Mo ní, "Plato ńkọ́, ṣé ó ṣojú rẹ̀?"

Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó mà ya ni lẹ́nu o. Kò ṣojú rẹ̀. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kò ṣojú òun."

Ibẹ̀ ni mo ti jókòó dáadáa. Ìtàn tí ọmọ náà sọ fún mi nìyí. Ní ìlú Athens, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ní ọdún 399 kí a tó bí Jésù, wọ́n fi ẹ̀sùn kan Socrates pé ó ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, pé kò sì ka àwọn òrìṣà ìlú sí. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n fún un ní májèlé mu. Ọkùnrin yìí kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n, bíi Plato àti Xenophon, ló kọ nípa rẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì sì kọ kò bára mu tán. Nínú ìwé tí Plato kọ nípa ìgbẹ́jọ́, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sáàárín àwọn tó wà ní kóòtù. Ṣùgbọ́n nínú èyí tó kọ nípa ọjọ́ ikú, tó ka orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ náà, ó ní kí ẹni tó ń sọ ìtàn náà sọ pé Plato ní tirẹ̀, ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ gbọ́ mi o, mo ṣí fìlà fún ọkùnrin náà níbi tí mo jókòó sí. Ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí ó ti kú. Ó kọ ìtàn ikú tí gbogbo ayé ń kà títí di òní, ó sì wá ààyè láàárín rẹ̀ láti fi yé wa pé òun kò sí níbẹ̀. Mo mọ àwọn akọ̀ròyìn, èmi alára wà lára wọn, tí wọn kò ní kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bí a bá fi ìbọn tì wọ́n.

Mo sọ fún un pé irú èyí gan-an ló yẹ kó wà nínú àròkọ rẹ̀, pé ó mọ̀ ọ́n tó fi sílẹ̀, tó wá ń ka orúkọ. Ó wò mí, ó fa ìwé kan tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ yọ nínú báàgì. Ó ní tó bá jẹ́ ti "ṣé ó ṣojú ẹ" ni, àwọn kan ti kọ odindi ìwé lé e lórí, kí n kà á wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Knowledge, Belief and Witchcraft lorúkọ ìwé náà, 1986 ló jáde. Àwọn méjì ló kọ ọ́: Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ni ní Ifẹ̀ nígbà náà, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. O. Ṣódípọ̀, tó di gíwá àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè. Wọ́n lọ bá àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Èkìtì. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ mọ ewé wo ló ń wo ibà o. Wọ́n jókòó tì wọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń jókòó ti ọ̀gá, wọ́n bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: kí ni ẹ ń pè ní "mọ̀"? Kí ni ẹ ń pè ní "gbàgbọ́"? Ìgbà wo ni ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ nǹkan?

Ẹ ó ní kí ló tún wà nínú ìyẹn. Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Quine ti kọ ọ́ ní 1960 pé bí àjèjì bá dé àárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè wọn rí, tí ehoro kan sáré kọjá, tí onílé sì figbe ta, báwo ni àjèjì yóò ṣe mọ̀ bóyá ehoro ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu onílé túmọ̀ sí, tàbí ẹ̀yà ara ehoro, tàbí nǹkan mìíràn pátápátá? Hallen àti Ṣódípọ̀ wá gbé irú ìfura yẹn wá sílé wa. Láti ayé àwọn míṣọ́nnárì ni a ti ń fi "mọ̀" tú ọ̀rọ̀ òyìnbó kan, tí a ń fi "gbàgbọ́" tú èkejì, tí a sì ń sùn lọ́rùn. Ta ló wò ó bóyá wọ́n ṣe déédéé?

Èsì tí wọ́n rí gbà nìyí. Ohun tó ṣojú ẹni, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, òun ni ènìyàn mọ̀. Èyí tó kù, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: gbà, gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó gbà á. Ìgbàgbọ́ lè lágbára, ó lè wúlò, a lè jókòó ká yẹ̀ ẹ́ wò, ká dán an wò, títí tí yóò fi di ìmọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dà bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ bọ aṣọ ìmọ̀ sọ́rùn. Èmi tí mo ka ìwé girama, tí mo ń fọ́nnu pé mo mọ̀ pé ayé ń yí oòrùn po, ta ló mú mi lọ wò ó? Tíṣà ló sọ ọ́, mo gbọ́, mo gbà. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí, ìgbàgbọ́ ni.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni bí wọ́n ṣe fi èyí dá Robin Horton lóhùn. Horton ti kọ ọ́ ní 1967 pé ohun tó ya àwọn tó ń rìn lójú ọ̀nà àbáláyé sọ́tọ̀ kúrò lára onísáyẹ́ǹsì ni pé wọn kì í rí ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bá nílẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé wa ní, ó dára, bí ó bá jẹ́ pé ìgbàgbọ́ làwọn àgbà ń pe ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu bàbá wọn, tí wọn kò pè é ní ìmọ̀, ta ló wá gbé odindi mì? Ẹni tó ń pe ohun tó kà nínú ìwé ní ìmọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, àbí àwọn?

Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti sọ pé "àjẹ́" lẹ́nu àwọn oníṣègùn náà kì í ṣe arúgbó obìnrin burúkú nìkan, pé ọkùnrin lè jẹ́ ẹ, ènìyàn rere sì lè jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí n kò ti bá wọn lọ. Àkọ́kọ́, ẹnu wa lójoojúmọ́ kò mọ́ tó bí wọ́n ṣe wí. "Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí mi." Ta ló ṣojú rẹ̀ nínú wa? "Ṣé o mọ̀ pé owó epo bẹntiróòlù ti tún lọ sókè?" Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì dé ilé epo. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Dùgbẹ̀ dé Bódìjà, kí ẹ ka iye "mo mọ̀" tí ẹ ó gbọ́ tó yẹ kó jẹ́ "wọ́n ní". Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? "Onígbàgbọ́" ni a ń pe ọmọlẹ́yìn Kristi, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá sì kéré níbẹ̀ ló ń tijú. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àbúrò fún ìmọ̀ lẹ́nu oníṣègùn ti di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu àlùfáà, ìwé náà ìbá sì dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Èkejì ni pé "Yorùbá" pọ̀. Paulin Hountondji, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó kú ní 2024, bá àwọn kan jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú nǹkan báyìí. Ó ní kò yẹ ká kó gbogbo ẹ̀yà sínú ẹnu kan ṣoṣo, ká wá pe ohun tó ti ibẹ̀ jáde ní fìlọ́sọ́fì, pé ẹni tó bá ń ro èrò ní orúkọ, ó sì ń bá ẹni tó ní orúkọ jiyàn. Mo ronú sí i. Plato ní orúkọ, Socrates ní orúkọ. Àwọn oníṣègùn tó kọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n méjì lẹ́kọ̀ọ́ ní Èkìtì kò ní orúkọ nínú ìwé náà. Ó lè ní ìdí o. Síbẹ̀ ó dùn mí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ohun tí Olóògbé Sophie Olúwọlé ti Yunifásítì Èkó ṣe, ẹni tó kú ní 2018, tó gbé Ọ̀rúnmìlà ka ẹ̀gbẹ́ Socrates gẹ́gẹ́ bí ẹni sí ẹni, nítorí pé bí ọ̀kan kò ṣe kọ̀wé ni èkejì náà kò kọ̀wé.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, mo rò pé òótọ́ ni ìwé náà sọ, àfi pé kò sọ ibi tí òótọ́ náà ń gbé. Kì í gbé inú ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá di ìjà ló máa ń yọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jí nǹkan ní agbo ilé. Ẹ jẹ́ kí ìjà ilẹ̀ dé. Ẹni tó ti ń sọ "mo mọ̀, mo mọ̀" láti àárọ̀, àgbà kan yóò yíjú sí i, yóò ní, "Ṣé ó ṣojú ẹ?" Gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ń wí, èmi tó sì jẹ́ pé ìròyìn ni mo fi ń jẹun, ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ tipẹ́.

Mo tiẹ̀ ti gbọ́ ọ. Ní 2008, wọ́n rán mi lọ sí ọjà kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí ariwo tó ta pé àwọn elépo kan ń po àwọ̀ tí wọ́n fi ń re aṣọ mọ́ epo pupa kí ó lè máa pọ́n yòò. Kì í ṣe àlá, irú epo bẹ́ẹ̀ wà. Mo dé ọjà, mo bá ènìyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀, mẹ́ta nínú wọn tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù ìyá kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ta epo. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé elépo ló ń júwe elépo. N kò dé ṣọ́ọ̀bù ìyá náà, oòrùn ti mú, mọ́tò ọ́fíìsì sì ń dúró. Mo kọ ọ́ pé "a gbọ́ pé", mo tún kọ "àwọn kan sọ pé". Ọ̀gá wa yọ méjèèjì. Ó ní ta ni yóò fi owó rẹ̀ ra "a gbọ́ pé"? N kò bá a jà. Kí n kúkú sọ òótọ́: nígbà tí mo rí i lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀, ó dùn mọ́ mi. A kò dárúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n a ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ta ni kò ní mọ̀ ọ́n?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wá sí ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó mú ọmọ rẹ̀ kan dání tó wọ aṣọ ilé-ìwé, nítorí ọmọ náà ló ń bá a ka ìwé. Ó tú ìwé ìròyìn náà jáde nínú ìborùn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" Mo ní èmi ni. Ó ní, "Ṣé ó ṣojú yín?"

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní àwọn ènìyàn ló sọ ọ́ fún wa nínú ọjà, pé iṣẹ́ wa ni láti gbé e jáde. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "N kò bi yín ní ohun tí ẹ gbọ́, Ọ̀gá. Mo ní ṣé ó ṣojú yín."

Ó dúró díẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó fi í sínú ìborùn padà, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Nígbà tí mo tún dé ọjà náà ní ọdún kejì, ẹlòmíràn ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ike ló ń tà. A kò kọ àtúnṣe kankan.

Ohun tí mo rò nìyẹn nígbà tí mo dé ibi tí Hallen àti Ṣódípọ̀ ti ń fi ìmọ̀ sí ọ̀tún, tí wọ́n ń fi ìgbàgbọ́ sí òsì. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò ní tọ́ka sí Èkìtì. Àléébù kẹta tí mo sì rí lára ìwé náà ti ibẹ̀ wá: ó fi ìyàtọ̀ hàn wá kedere, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí yóò san gbèsè nígbà tí ẹnì kan bá ta ìgbàgbọ́ ní iye owó ìmọ̀. Ní 2000, Hallen padà sí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé mìíràn, níbi tó ti so bí ènìyàn ṣe ń ṣọ́ra lórí ohun tó bá ní òun mọ̀ pọ̀ mọ́ ìwà rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sọ èyí fún mi. N kò tíì rí ìwé náà kà.

Nígbà tí ó wá gba ìwé rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá elépo fún un. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rí. Ó fetí sílẹ̀ dé òpin, ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú o. Epo yẹn ńkọ́? Ṣé ó dára ni àbí kò dára?"

Mo la ẹnu pé kí n dáhùn, mo tún pa á dé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mo ba aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ta ló sọ fún mi pé aláìṣẹ̀ ni? N kò yẹ epo náà wò nígbà tí mo kọ ọ́, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí mo kọ ọ́. Ojú rẹ̀ ni mo wò, àti ọmọ tó wọ aṣọ ilé-ìwé, mo sì gbà. Mo ní, "N kò mọ̀."

Ó ní kí n fi ìyẹn náà sí i bí mo bá fẹ́ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sídìí tábìlì oúnjẹ, ó tẹ́ bébà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà pa orúkọ rẹ́. Nínú mẹ́tàlá, méjì ló kù. Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ àròkọ tuntun ni ọ̀rọ̀ fóònù kan tó sọnù ní ilé tí wọ́n ń gbé ní yunifásítì nígbà tó wà ní ọdún kejì, bí òun ṣe dúró láàárín yàrá tó ní òun mọ ẹni tó jí i, àti ohun tí ọmọbìnrin tó tọ́ka sí bi í léèrè. Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni. Mẹ́ta ni olùkọ́ wọn ní òun fẹ́. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.